Ìtàn Ìlú Àgbẹ̀ Kò Tán Sí Ààfin

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun tí ẹ ń ṣe lórí èdè àti àṣà wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fara balẹ̀ ka ojú ewé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ìtàn àwọn ìlú wa, pàápàá jù lọ àwọn ìlú kéékèèké tó yí Òṣogbo ká, inú mi sì máa ń dùn pé irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ wà, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kì í dárúkọ àwọn ìlú wọ̀nyí àfi bí ìjà ilẹ̀ bá bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ tàbí bí ọba wọn bá wàjà. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ìtàn tí à ń kà níbẹ̀ ń tọ̀. Ọdẹ kan tàbí ọmọ ọba kan kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé tàbí Ilé-Ifẹ̀, ó rìn títí ó fi rí omi, ó pàgọ́ síbẹ̀, àwọn ènìyàn sì wá bá a. Lẹ́yìn èyí ni orúkọ àwọn ọba tó ti jẹ, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kan. Lẹ́yìn náà ni orúkọ àwọn ilé tó ń fi ọba jẹ. Ìtàn sì parí. Ìlú tó jẹ́ pé oko ló ń bọ́ ọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dó kò ní gbólóhùn kan ṣoṣo nípa oko nínú ìtàn tí a kọ nípa rẹ̀.

N kò sọ pé kí a má kọ ìtàn ọba, nítorí ẹni tó tẹ ìlú dó yẹ lẹ́ni tí à ń rántí. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ìdí tí orúkọ ọba kì í fi í sọnù. Ìgbàkígbà tí orí ìtẹ́ bá ṣófo ni àwọn ìdílé máa ń kó ìtàn wọn jáde, tí àwọn agbẹjọ́rò á sì bá wọn tò ó kí ó lè wúlò ní kóòtù. Ìtàn tí a kó jọ nítorí ẹjọ́ kì í wo ohun tí kò bá kan ẹjọ́. Kò ní béèrè ẹni tó kọ́kọ́ gbin kòkó ní ìlú, kò ní béèrè ọ̀nà tí èlùbọ́ ń gbà dé ọjà, kò sì ní béèrè ìdí tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú fi ń gbé lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn ní ọ̀nà Oǹdó. Bẹ́ẹ̀ àwọn ìbéèrè wọ̀nyí gan-an ni ìtàn ìlú àgbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Òṣogbo tí mo ń gbé. Kò sí ọmọ Òṣogbo tí kò mọ ìtàn Láròóyè àti Tìmẹ́hìn tó tẹ ìlú yìí dó, bí wọ́n ṣe kúrò ní Ìpólé Omu nítorí àìtó omi, tí wọ́n dé etí odò Ọ̀ṣun, tí igi tí wọ́n gé sì wó lu ìkòkò aró Yèyé Ọ̀ṣun. Igbó Ọ̀ṣun tó jẹ́ ẹ̀rí ìtàn yìí wọ inú àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ìjọba àpapọ̀ ń dáàbò bò ní 1965, àjọ UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ilẹ̀ igbó náà jẹ́ hẹ́kítà 75, tonílé tàlejò ló sì ń wọ́ wá síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdọọdún. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ nígbà tí à ń ki Òṣogbo ní ìlú aró, ta ló ń rántí ibi tí aró ti ń wá? Ewé èlú tí àwọn aláró ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n ń sá, láti inú igbó àti oko ni wọ́n ti ń gbé e wá sọ́jà. Òwú tí àwọn ìyá wa ran kí ó tó di aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró, àwọn àgbẹ̀ ìhà ọ̀dàn ló gbìn ín. Eérú tí wọ́n ń fi omi sẹ́ fún aró, igi oko ni wọ́n sun. Òkìkí kan Òṣogbo, ó sì tọ́ sí i, ṣùgbọ́n àwọn tó fi orí ru gbogbo ẹrù yìí wọ ìlú kò sí nínú ìtàn tí à ń sọ fún àlejò.

Ipò tí Òṣogbo wà lórí ilẹ̀ ló fa púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pààlà ni ìlú yìí wà. Bí ènìyàn bá kọjú sí Iléṣà àti Ifẹ̀, igbó ló ń wọ̀, ilẹ̀ tó gba kòkó àti obì. Bí ó bá kọjú sí Ìlobùú, Ìfọ́n àti Èjìgbò, ọ̀dàn ló ń sún mọ́ díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà àti òwú. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò ní ìhà òkè sá wá. Ní nǹkan bí 1840, ogun Ìlọrin àti ogun Ìbàdàn pàdé ní Òṣogbo, Ìbàdàn ló ṣẹ́gun, láti ìgbà náà sì ni àwọn ìlú agbègbè yìí ti wà lábẹ́ Ìbàdàn, tí àjẹ́lẹ̀ Ìbàdàn sì ń gbowó tó ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ wọn. Àgbẹ̀ àkókò yẹn kò lè lọ jìnnà sí odi ìlú. Oko etílé ló ń dá, ó sì ń mú ohun ìjà dání lọ sí oko nítorí àwọn tó ń kó ènìyàn lẹ́rú. Ìgbà tí ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tú ká pátápátá ní 1893 ni ọkàn àwọn ènìyàn tó balẹ̀ débi pé wọ́n lè fi odi sílẹ̀, kí wọ́n lọ dá oko sí ibi tó jìnnà, kí wọ́n kọ́ ahéré, kí ahéré di aba, kí aba sì di abúlé tó ní baálẹ̀ tirẹ̀. Èrò tèmi ni pé bí a bá wádìí dáadáa, a ó rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ìletò tí wọ́n ń bá ìtàn wọn lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé lónìí, àlàáfíà yìí ló bí wọn. Kò sì yẹ kí èyí tini lójú.

Rélùwéè tó dé Ìbàdàn ní 1901 wọ Òṣogbo ní 1907, ó sì kọjá lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ̀rọ̀ lórí ohun tí rélùwéè ṣe fún Òṣogbo, bí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó bíi John Holt ṣe wá kọ́ sọ́ọ̀bù síbẹ̀, tí àwọn oníṣòwò sì ti ibi gbogbo wá. Ohun tó ṣe fún àwọn ìlú ẹ̀yìn Òṣogbo ni a kò kọ. Kí rélùwéè tó dé, orí ni a fi ń ru gbogbo nǹkan. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí àgbẹ̀ bá ti jẹun tán, tí ẹbí rẹ̀ sì lè rù dé ọjà tó sún mọ́ wọn, ni ó ń tà. Lẹ́yìn tí ó dé, èkùrọ́, òwú, àgbàdo àti kòkó rí ẹni tí yóò rà wọ́n bó ti wù kí wọ́n pọ̀ tó, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó ti ń lọ láti abúlé dé abúlé sì yí orí padà sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró. Ìlú tí irin gbà kọjá, bí Ìkìrun àti Òkukù, rí ọjà tuntun. Ní ìlú tí irin fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀, àwọn obìnrin àti ọmọdé ló ń fi orí ru ẹrù náà rin ọ̀pọ̀lọpọ̀ máìlì títí ọ̀nà mọ́tò fi dé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìdí tí ìlú kan fi gbòòrò tí èkejì tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi dúró sójú kan, ibí yìí ni kí ó kọ́kọ́ wò kí ó tó máa jiyàn lórí adé tó ju adé lọ.

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn jù lọ, tó sì tún ti dunni jù lọ, ni ìtàn àwọn tó lọ. Nígbà tí kòkó di owó, àwọn tí ilẹ̀ wọn sún mọ́ ọ̀dàn rí i pé kòkó kò fẹ́ ilẹ̀ àwọn. Wọn kò káwọ́ gbera. Láti Òṣogbo, Ìlobùú, Ìfọ́n, Ẹdẹ, Ìwó, Ìkìrun àti àwọn abúlé tó wà láàárín wọn, wọ́n mú àdá àti ọkọ́, wọ́n lọ bá àwọn onílẹ̀ ní ilẹ̀ Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó, wọ́n tọrọ igbó, wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn ṣe alágbàṣe lóko oníkòkó fún ọdún díẹ̀ kí ó tó rí igbó tirẹ̀ gbà. Kòkó ayé àtijọ́ kì í so kí ó tó pé bí ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ọ̀gẹ̀dẹ̀, kókò àti iṣu tí wọ́n gbìn sáàárín rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, òun náà ni wọ́n ń tà, abẹ́ òjìji ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí náà sì ni igi kòkó ti ń dàgbà. Ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe ohun ńlá níbẹ̀rẹ̀. Iṣu, ẹmu, ẹran ìgbẹ́ tàbí kòkó díẹ̀ lọ́dún ni, láti fi hàn pé ẹni tó ń dá oko mọ onílẹ̀. Bí kòkó ṣe ń níye lórí sí i ni ó ń di ọ̀ràn, òfin ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní 1978 sì tún da ọ̀rọ̀ náà rú, nítorí lójú àwọn tó ń san án, òfin ti fòpin sí i, àwọn tó ń gbà á sì ní kò sí òfin tó lè gba ilẹ̀ bàbá àwọn lọ́wọ́ àwọn.

Ẹ wo ohun tí èyí sọ ìlú kékeré kan lẹ́bàá Òṣogbo dà. Ilé wà ní ibì kan, oko wà ní ibòmíràn tó jìnnà sí i. Ilé onípáànù tí wọ́n kọ́ sílé, owó kòkó ọ̀nà Oǹdó ni. Mọ́sáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́, owó kòkó ọ̀nà Oǹdó ni. Ìlú á pa lọ́lọ́ láàárín ọdún, á ku àwọn arúgbó àti àwọn ọmọ ilé-ìwé. Bí ọdún Iléyá, Kérésìmesì tàbí ọdún egúngún bá dé, lọ́rí á kó gbogbo wọn wọlé, ọ̀rọ̀ tó ti ń dúró dè wọ́n, ìgbéyàwó, òkú ṣíṣe, ìpàdé ẹbí, ìparí ìjà, á sì di ṣíṣe láàárín ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó tún padà sí oko. Ẹni tó bá kọ ìtàn irú ìlú bẹ́ẹ̀ tí kò dé àwọn aba tó wà nínú igbó ọ̀nà ibẹ̀ yẹn, ìdajì ìtàn ló kọ, bóyá ìdajì tó kéré ni pàápàá.

Àwọn mìíràn kọjá Oǹdó. Àwọn ọmọ Èjìgbò lọ sí ilẹ̀ Ivory Coast títí èdè Faransé fi di ohun tí à ń gbọ́ ní ọjà Èjìgbò. Àwọn ọmọ Ìnísà, Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ ń ṣòwò káàkiri ilẹ̀ Gánà kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 1969 pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ padà délé pẹ̀lú ẹrù tí wọ́n lè gbé nìkan. Ìlú tó gbà wọ́n nígbà náà, bí wọ́n ṣe há wọn mọ́ inú ilé, bí wọ́n ṣe fún wọn ní ilẹ̀ oko, bí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ọ̀hún ṣe wọ ilé-ìwé láàárín àwọn tí ń fi ohùn wọn ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àwọn tó fojú rí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí.

Ọdún 1969 yẹn náà ni ọ̀rọ̀ Àgbẹ̀kọ̀yà, ìyẹn ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ kọ̀ láti san owó orí, gbóná jù lọ. Láti 1947 ni ìjọba ti gbé àjọ tó ń ra kòkó kalẹ̀, ẹnu àjọ náà sì ni iye tí àgbẹ̀ yóò gbà lórí kòkó rẹ̀ ti ń jáde. Owó tó ṣẹ́kù lórí kòkó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san ti àgbẹ̀ wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan tí à ń fi yangàn: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti oṣù kìíní 1955, àti ilé gogoro Cocoa House tí wọ́n parí ní Ìbàdàn ní 1965. Mo mọrírì ilé-ìwé ọ̀fẹ́ náà gidigidi, nítorí òun ló mú ìwé dé abúlé tí ìwé kì bá tí dé. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1968, ohun tó ń wọlé fún àgbẹ̀ lórí kòkó kò tó nǹkan, owó orí wúwo, àwọn agbowóòde sì ń wọ ènìyàn nílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ dìde, Tàfá Adéoyè wà lára àwọn tó ṣáájú wọn, wọ́n kọ̀ láti sanwó, ẹ̀mí sì ṣòfò, títí kan ẹ̀mí Ṣọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ìjọba tó gbà láti dín owó orí náà kù. Akánrán àti Ìbàdàn ni a máa ń dárúkọ bí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ abúlé ẹ̀yìn Òṣogbo sọ láàárín ara wọn ní ọdún méjì yẹn, àwọn tó sá wọ igbó nítorí agbowóòde, àwọn tó sanwó níkọ̀kọ̀ nítorí ìbẹ̀rù, a kò tíì gbọ́ ọ. Nígbà tí ìjọba tú àjọ tó ń ra kòkó ká ní 1986, owó kòkó lọ sókè lóòótọ́, àmọ́ ojú òṣùwọ̀n wá di ti oníṣòwò tó bá gbé e wá.

Wọ́n máa ń sọ fún mi pé ìtàn àgbẹ̀ kò ní àkọsílẹ̀ nítorí pé àwọn àgbẹ̀ kò mọ̀wé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìwé pọ̀, a kò kà á sí ìwé ìtàn ni. Kò sí baba àgbàlagbà kan tí kì í tọ́jú ìwé owó orí rẹ̀, nítorí bí akódà bá dá a dúró lọ́nà tí kò bá rí i fi hàn, ọ̀ràn dé. Nínú àpótí bàbá mi àgbà, wọ́n wà níbẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n fi òwú dì wọ́n, orúkọ, ọdún àti iye owó wà lára wọn. Ìwé ìwọ̀n kòkó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí a lè fi mọ ọdún tí kòkó so àti ọdún tí àrùn dúdú jẹ ẹ́. Ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tilẹ̀ wúlò ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí akọ̀wé ẹgbẹ́ a máa kọ ẹni tó yá owó àti ohun tó fẹ́ fi ṣe: ti alágbàṣe, ti ilé-ìwé ọmọ, ti òkú ìyá rẹ̀, ti páànù. Mélòó nínú àwọn onítàn wa ló ní ohun tó tó èyí lọ́wọ́? Ẹ fi kún un ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-ìwé ti 1955, ìwé ìrìbọmi, àti ìwé àdéhùn ìṣákọ́lẹ̀ tí wọ́n tẹ àtàǹpàkò sí. Bí onílé bá kú, aṣọ àti ilẹ̀ ni wọ́n ń pín. Ìwé ni wọ́n ń dáná sun, tàbí kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ikán.

Àwọn ìwé ìjọba kan wà ní ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn, pàápàá ìwádìí tí àwọn àjẹ́lẹ̀ òyìnbó ṣe lórí àwọn ìlú wa láàárín 1930 sí 1939, ó sì dára kí a máa lọ kà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kà wọ́n pẹ̀lú ìṣọ́ra, torí ohun tí òyìnbó ń wá ni ẹni tí yóò máa bá a gba owó orí àti ẹni tí yóò máa dá ẹjọ́. Ọ̀dọ̀ ọba àti ìjòyè ni ó ti béèrè, ìtàn ọba àti ìjòyè ni wọ́n sì sọ fún un. Bóyá níbẹ̀ ni a tilẹ̀ ti kọ́ àṣà kíkọ ìtàn ìlú lọ́nà tó há yìí.

Ìwé kò lè sọ tán fún wa nípa àwọn obìnrin, nítorí orúkọ ọkùnrin ló kún inú ìwé owó orí àti ìwé ìwọ̀n kòkó. Àwọn ló ń bó iṣu fún èlùbọ́, àwọn ló ń pa èkùrọ́, àwọn ló ń pa kòkó lọ́wọ́ kan náà pẹ̀lú ọkọ wọn, àwọn ni wọ́n sì ń ná ọjà ọrọọrún tó so ìlú mọ́ ìlú. Ẹnu wọn ni a ó ti gbọ́ ọ, nínú oríkì, nínú ẹkún ìyàwó, àti nínú ìbéèrè tó ṣe kedere: èló ni ẹ ń ta á, ta ni ẹ ń tà á fún, kí ni ẹ fi owó rẹ̀ ṣe?

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò sọ pé ìtàn oko lè dá ìjà ilẹ̀ sílẹ̀. Ìjà náà wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbogbo wa la sì rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ìlú tó múlé ti ara wọn ní ìpínlẹ̀ yìí, níbi tí ilé ti jó, tí ẹ̀mí sì ti lọ. Ohun tó ń bu epo sí i ni pé ìtàn tí ìlú kọ̀ọ̀kan ní lọ́wọ́ kò ju pé bàbá tiwa ló kọ́kọ́ dé lọ. Bí a bá ní àkọsílẹ̀ bí àwọn àgbẹ̀ ìlú méjì ṣe jọ ń dá oko ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí wọ́n ń bá ara wọn ṣe àáró, tí wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, a ó ní ohun mìíràn láti kà yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ààlà.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ yí ìbéèrè tí ẹ ń bi àwọn ìlú padà. Nígbà tí akọ̀ròyìn yín bá tún lọ sí ìlú kékeré kan, kí ó kí kábíyèsí tán, kí ó wá yà sí ilé akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àtijọ́ àti ilé ìyá tó ń ta èlùbọ́. Fásitì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ẹ̀ka ìmọ̀ àṣà ní Ìkirè àti ẹ̀ka ìmọ̀ àgbẹ̀ ní Èjìgbò. Iṣẹ́ yìí kan ẹ̀ka méjèèjì, mo sì ń fi lẹ́tà yìí bẹ àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kí wọ́n jọ ṣe é. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú náà lè fi ìpàdé Iléyá tó ń bọ̀ bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n gba ohùn àwọn àgbà tó ti dá oko ní ọ̀nà Oǹdó tàbí tó ti gbé ní Gánà sílẹ̀ lórí fóònù, kí wọ́n ya fọ́tò àwọn ìwé inú àpótí, kí wọ́n sì dá ìwé náà padà fún onílé. Bí ẹ bá lè fún wa ní ojú ewé kan lóṣù fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, mo ṣe tán láti fi fọ́tò àwọn ìwé owó orí tó wà nínú àpótí bàbá mi àgbà ránṣẹ́ sí yín, pẹ̀lú àlàyé gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa oko tó fi ń sanwó náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ àgbẹ̀ kan,
Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.